Àdàkọ kọ́ o, àtúnrẹ ni: orúkọ wo la máa fún orin olórin tí ẹlòmíì gbà kọ?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ láti ọjọ́ Ẹtì, mi ò tètè dá sí i ni, torí pé ó lẹ́nì kan tí mo fẹ́ lọ bi léèrè ọ̀rọ̀ ní Òṣogbo níbí kí n tó lanu. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ohun tó wà nílẹ̀ rèé: àbúrò wa kan béèrè pé kí ni ká máa pe kọ́fà ní Yorùbá, ìyẹn orin tí ẹnì kan ti kọ tó ti gbòde, tí olórin mìíràn wá mú un tó kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Joe Cocker ló fi ṣàpẹẹrẹ, olórin rọ́ọ̀kì tó jẹ́ ọmọ Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé orin olórin ló fi di ìlú mọ̀ọ́ká. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta, àdàkọ ti dé, àtúnkọ ti dé, orin àyálò, àtúnwá, àgbàkọ, gbogbo ẹ̀ ló ti dé, ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ tíṣà àgbà sì ní ká mú àdàkọ ká lọ sùn, ó ní ó ti wà nínú ìwé, àwọn èèyàn sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o, àmọ́ àdàkọ ò lè ṣe é.

Àdàkọ ni ohun tí ọmọ iléèwé ń ṣe tó bá na ọrùn wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Ohun tó wà lọ́hùn-ún náà ló gbọ́dọ̀ wà níbí. Bó bá ṣe jọ èyí àkọ́kọ́ tó la fi ń mọ̀ pé àdàkọ náà dáa. Orin tí Cocker kọ wá ńkọ́? Bó ṣe yàtọ̀ tó la fi ń yìn ín. Báwo la ṣe máa wá mú orúkọ ohun tó ń wá ìjọra, ká fi pe ohun tí iyì ẹ̀ wà nínú pé kò jọ ti tẹ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ n mú orin kan, torí ó dà bíi pé ọ̀pọ̀ wa ń jiyàn lórí ohun tí a ò tíì fetí ara wa gbọ́. Beatles, ẹgbẹ́ olórin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ gbé With a Little Help from My Friends jáde lọ́dún 1967. John Lennon àti Paul McCartney ló ṣe orin náà, Ringo Starr tó ń lùlù fún wọn ni wọ́n ní kó kọ ọ́. Ó ń dáni lára yá, ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ sọ́jà láàárọ̀ tí ò rí wàhálà kankan, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi parí. Ọkùnrin náà ń sọ pé tóun bá kọrin tí ohùn òun ò bọ́ sí i ńkọ́, ṣé wọ́n á dìde fi òun sílẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ pé wọn ò ní lọ síbì kankan.

Cocker gbé tiẹ̀ jáde lọ́dún 1968. Dùùrù ló bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, gìtá Jimmy Page wá já wọlé bí ààrá, ẹ ẹ́ ti rò pé orin mìíràn ni wọ́n fẹ́ kọ. Ìlù tó ń lọ ní mẹ́rin mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn Beatles ti di mẹ́ta mẹ́ta, ó falẹ̀, ó wúwo, ẹsẹ̀ tó fẹ́ jó ò ní lè sáré mọ́, ara á kàn máa mì síwá mì sẹ́yìn bí ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run. Ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Lílé àti ègbè wà nínú ti Beatles náà o, àwọn ọ̀rẹ́ Ringo ló ń béèrè tóun ń dáhùn, àmọ́ lọ́dọ̀ Cocker àwọn obìnrin ló ń ṣègbè, wọ́n á bi í, á fi ohùn tó ha yẹn kígbe dá wọn lóhùn, ohùn ẹni tó ti sunkún mọ́jú. Ó wá yí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ringo bi wọ́n pé kí lẹ máa rò, Cocker bi wọ́n pé kí lẹ máa ṣe. Ẹ fi sẹ́nu wò ó. Ọkàn ẹni tó ń béèrè ohun tẹ́ ẹ máa rò ṣì balẹ̀ díẹ̀, ẹni tó bá wá ń béèrè ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ̀rù ti ń bà á nìyẹn. Orin náà dé ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn, ó sì kọ ọ́ ní Woodstock, àjọ̀dún orin ńlá kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lóṣù kẹjọ ọdún 1969, fídíò ẹ̀ wà ní YouTube, ẹ lọ wò ó, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ń ta gìtá tí kò sí níbẹ̀.

Níbo wá ni àdàkọ wà nínú gbogbo èyí?

Àtúnkọ sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ kọ wa yìí, òun la fi ń kọrin, òun náà la fi ń kọ̀wé. Tẹ́nì kan bá ní àtúnkọ orin fún mi, mi ò ní mọ̀ bóyá olórin kan náà ló padà sí sítúdíò ni, àbí ẹni tó ni orin ló jókòó tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ tò. Àyálò, ohun téèyàn bá yá, ó yẹ kó dá a padà bó ṣe gbà á (lóòótọ́ a ò dá ọ̀rọ̀ tíṣà àti búrẹ́dì tá a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì padà fẹ́nì kankan, mo mọ̀, àmọ́ ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ). Àgbàkọ, ìtumọ̀ ẹ̀ dáa gan-an, ó gba orin olórin kọ, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń tẹ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i lórí fóònù, ẹni tó bá sáré kà á, àgbákò ló máa kà, olórin wo ló fẹ́ kí iṣẹ́ òun máa jẹ́ àgbákò?

Àtúnwá ló dùn mọ́ mi jù nínú wọn, mo sì kí ẹni tó mú un wá. Bí Babatúndé ṣe jọ bàbá bàbá ẹ̀ níwájú orí, tó tún jẹ́ ẹlòmíì pátápátá, orin náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti há ni pé baba àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú kí Babatúndé tó dé. Orin Beatles ò kú nígbà tí Cocker mú un, ọdún kan ló ṣì wà láàárín wọn, títí dòní làwọn èèyàn ń gbọ́ méjèèjì.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ò gbé Òṣogbo, ẹ mọ̀ pé ìlú aró ni wọ́n ń pè wá. Mo ní màmá àgbà kan, àbúrò ìyá tó bí ìyá mi, kí wọ́n tó bí mi ló ti ń rẹ aṣọ. Mo bá a lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin kan ti gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ wá fún un, aṣọ ìyá ẹ̀, ó ti ṣá débi pé bátànì ẹyẹ orí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Màmá rì í sínú omi lásán kó rin dáadáa, ó gbé e sínú ìkòkò aró, ó rọra ń fọwọ́ yí i lábẹ́ kò jẹ́ kó yọ sókè, nígbà tó fà á jáde, àwọ̀ ewé ló jáde, bí ọbẹ̀ ewédú tí wọn ò tíì fi nǹkan kan sí. Ó tẹ́ ẹ sí atẹ́gùn. Lójú wa níbẹ̀ ni àwọ̀ ewé yẹn ti ń di búlúù, láti etí aṣọ wọ àárín. Ó tún un rì, ó tún un tẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn ẹyẹ yẹn ò parẹ́ o. Ara wọn tó funfun tẹ́lẹ̀ ló di búlúù, ilẹ̀ aṣọ tó dúdú tẹ́lẹ̀ wá dúdú kirikiri. Aṣọ yẹn náà ni, gbogbo ẹni tó mọ ìyá obìnrin yẹn á dá a mọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló wà.

Ohun tí Cocker ṣe gan-an nìyí lójú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú àtúnrẹ wá: à, tún, rẹ. Bá a ṣe ṣẹ̀dá àtúnbí, àtúntò àti àtúnṣe náà la ṣe ṣẹ̀dá ẹ̀, rẹ inú ẹ̀ ni rẹ inú àdìrẹ. Tẹ́nì kan bá ní ó máa dàrú mọ́ rẹ̀ tá a fi ń ní ó rẹ̀ mí, tàbí rẹ́ ti àwọn ọ̀rẹ́, ohùn wọn ò dọ́gba, kò sì sẹ́ni tí mo gbọ́ rí tó gbọ́ àdìrẹ tó rò pé àárẹ̀ ni.

Mo bi màmá pé ṣé èèyàn lè sọ pé olórin kan tún orin ẹlòmíì rẹ. Ó ń fún aṣọ lọ́wọ́, kò dáhùn, ó wá bi mí pé: “Ṣé orin náà ti ṣá ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró, torí orin Beatles ò ṣá. Tó bá jẹ́ aṣọ tó ṣá nìkan là ń tún rẹ, a jẹ́ pé orúkọ mi ń bú ẹni tó ni orin. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní rárá, ó láwọn tó máa ń gbé aṣọ tí kò tíì wọ omi ẹ̀ẹ̀kejì wá, àwọ̀ ẹ̀ kàn fẹ́rẹ́ jù fún wọn, wọ́n fẹ́ kó jinlẹ̀ sí i. Ó ní ìkòkò tòun àti ti ará ẹ̀gbẹ́ òun, aró wọn ò rí bákan náà, ẹni tó bá ń fẹ́ tòun ló ń gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ òun. Ọkàn mi balẹ̀.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ kí n dúró lórí àtúnrẹ ju ẹwà ẹ̀ lọ. Aláró kì í sọ aṣọ oníbàárà di tiẹ̀. Lára orin tí Cocker kọ, orúkọ Lennon àti McCartney ṣì wà níbẹ̀ pé àwọn ló ni ín, owó ẹni tó ṣe orin sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe orin. Aró ni ti Cocker. Àdàkọ ò lè sọ ìyẹn, àtúnwá ò lè sọ ọ́. McCartney fúnra ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Cocker ní gbangba nígbà tí Cocker kú ní 2014. Trent Reznor, olórin Amẹ́ríkà tó ni orin Hurt, nígbà tó rí bí Johnny Cash, olórin tó ti di arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún, ṣe kọ ọ́ ní 2002, ó ní orin ọ̀hún ò jẹ́ tòun mọ́. Olórin Amẹ́ríkà mìíràn, Otis Redding, kọ orin Respect ní 1965, ọkùnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tó ní kí ìyàwó òun bọ̀wọ̀ fóun, ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ Aretha Franklin fi ẹnu obìnrin kọ ọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ mọ́ pé ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ ni aṣọ yẹn.

Mi ò ní ká pa àdàkọ tì o. Àwọn bándì òde àríyá tó ń kọ orin Sunny Adé láìyí gìtá kan padà, iṣẹ́ ńlá ni, àdàkọ sì tọ́ sí i. Òyìnbó kó méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan, kò pọn dandan ká bá wọn kó o pọ̀. Ibi tí mi ò ti dá ara mi lójú ni Ṣadé tí Adekunle Gold kọ, tó mú ohùn orin ẹgbẹ́ olórin One Direction tó fi ìtàn ọmọbìnrin tiwa sí i. Ohùn ló kù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti lọ. Bóyá àtúnrán nìyẹn, ó tú aṣọ, ó fi rán ẹ̀wù mìíràn. Ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe àkójọ, bẹ́ ẹ bá máa kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìṣe ẹ̀ náà sí i: tún orin rẹ, Cocker tún orin Beatles rẹ. Màmá ní kí n gbé fóònù wá lọ́jọ́ Àìkú kóun gbọ́ orin tí mò ń tìtorí ẹ̀ da òun láàmú. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi èyí tí wọn ò tíì tún rẹ sí i.