Ṣé ó burú tí mo bá fo éjẹ́ǹtì dá, tí mo lọ bá kíláyẹ́ǹtì fúnra mi?

Ọmọ Kóòdù:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni mò ń ṣe, database, ibi tí kọ́ńpìnì ń kó ìsọfúnni pa mọ́ sí, ni mo mọ̀ jù, mi ò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni, mo lè ṣe oṣù mẹ́fà níbí kí n ṣe oṣù mẹ́ta lọ́hùn-ún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ pátá ló ń gba ọwọ́ éjẹ́ǹtì, àwọn tó ń báni wáṣẹ́, wá. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà ńlẹ̀.

Àkọ́kọ́, éjẹ́ǹtì kan pè mí, ó ní iṣẹ́ kan wà tó bá mi mu rẹ́gí, àmọ́ kò dárúkọ kọ́ńpìnì tó ni ín, ó ní kí n fi CV ránṣẹ́ ná. Ó wá fi àpèjúwe iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi, mo mú gbólóhùn kan nínú ẹ̀ mo wá a lórí Google, ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ojú ewé kọ́ńpìnì yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ kan náà ni, wọn ò tiẹ̀ yí kọ́mà kan padà. Mi ò tíì fi CV kankan ránṣẹ́ o. Ṣé mo lè kọ̀wé sí wọn tààrà?

Èkejì, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, éjẹ́ǹtì mìíràn ló mú mi débẹ̀, kọ́ńtíráàtì mi sì ti fẹ́ parí. Máníjà ibẹ̀ wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé a ò lè jọ máa ṣe é lọ láìsí àwọn yẹn láàárín, torí iye tí wọ́n ń san lé mi lórí ti pọ̀ jù. Ló bá sọ iye ẹ̀ fún mi. Ẹnu yà mí! Tí wọ́n bá san 100, 76 ló ń dé ọwọ́ èmi tí mò ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé síbẹ̀, kí ni éjẹ́ǹtì ń ṣe ju pé kó fi ínfọ́ìsì, ìwé tó fi ń béèrè owó, ránṣẹ́ lóṣooṣù? Ṣùgbọ́n mi ò tún fẹ́ hùwà ọ̀dàlẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ayékòótọ́:

Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ o, wọn ò jọra rárá. Ti àkọ́kọ́ yẹn, kò sóhun tó dè yín. Ẹ ò tọwọ́ bọ̀wé, ẹ ò fi CV ránṣẹ́, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún yín, kọ́ńpìnì ló gbé iṣẹ́ ẹ̀ síta fún gbogbo ayé, ẹ̀yin náà sì rí i. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ohun tẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ fi CV fún éjẹ́ǹtì kẹ́ ẹ tún wá gba ẹ̀yìn lọ bá wọn, torí tí CV ẹnì kan bá gba ọ̀nà méjì dé ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kàn yọ ọ́ kúrò ni, ta ló fẹ́ kí éjẹ́ǹtì wá máa bá òun jà pé èmi ni mo kọ́kọ́ mú un wá?

Kẹ́ ẹ sì mọ̀, kì í ṣe gbogbo éjẹ́ǹtì tó ń polówó iṣẹ́ ni kọ́ńpìnì rán níṣẹ́. Àwọn kan á da iṣẹ́ kọ láti ojú ewé kọ́ńpìnì, wọ́n á kó CV èèyàn jọ, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ kan ilẹ̀kùn pé àwọn ní ẹni tó lè ṣe é. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí wọ́n fi ń fi orúkọ pa mọ́.

Ti èkejì, ẹ lọ ka ìwé tẹ́ ẹ tọwọ́ bọ̀. Kí ló wà níbẹ̀?

Alárenà Tẹ́lẹ̀:

Mo ti ṣiṣẹ́ éjẹ́ǹtì rí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi kẹ́ ẹ tó sọ wá lókùúta. Ẹ ní kí ni éjẹ́ǹtì ń ṣe. Ṣé ẹ mọ ìgbà tí kọ́ńpìnì yẹn ń sanwó? Àwọn ńlá ńlá yẹn lè tó 60 ọjọ́, àwọn mìíràn 90, lẹ́yìn tí ínfọ́ìsì bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, éjẹ́ǹtì sì ń san tiyín lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù. Níbo lẹ rò pó ti ń rówó yẹn? Ó lè jẹ́ pé ínfọ́ìsì yẹn ló gbé lọ fún àwọn tó ń yáni lówó, àwọn yẹn náà sì ń jẹ tiwọn lórí ẹ̀. Tí kọ́ńpìnì bá wó lulẹ̀ láàárín, éjẹ́ǹtì ló jẹ gbèsè. Tẹ́ ẹ bá kúrò lábẹ́ ẹ̀, ẹ máa ṣiṣẹ́ oṣù kìíní, ẹ máa ṣe ti oṣù kejì, ó lè wọ oṣù kẹta kẹ́ ẹ tó fojú kan owó. Ṣé ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi gbé ara yín ró títí dìgbà yẹn? (Àwọn éjẹ́ǹtì kan wà ṣá tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àyàfi tí kọ́ńpìnì bá san tiwọn làwọn tó san tiyín. Àwọn yẹn ò ru ẹrù kankan, mi ò lè gbèjà wọn.)

Mi ò sọ pé 24 tí éjẹ́ǹtì ń mú yẹn ò pọ̀ o. Ó pọ̀. Ẹ tiẹ̀ ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò ẹ̀: lára 100 tí kọ́ńpìnì san, ìdá 24 ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kà á lórí 76 tiyín, ó ti lé ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí éjẹ́ǹtì bá ní "ìdá 20 péré ni mò ń gbà", ẹ bi í pé lórí èwo.

Wàyí o, ohun táwọn èèyàn kì í rò nìyí. Ìwé méjì ló wà. Ẹ̀yin àti éjẹ́ǹtì ní ọ̀kan, kọ́ńpìnì àti éjẹ́ǹtì ní ọ̀kan, ẹ ò sì ní rí tiwọn yẹn sójú. Inú tiwọn ló máa ń wà pé tí wọ́n bá gba ẹni tá a mú wá láàárín oṣù báyìí báyìí, wọ́n máa san owó gọbọi kan fún wa. Máníjà tó fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ó lè má tíì ka ìwé náà rí láyé ẹ̀, àwọn tó ń bójú tó àdéhùn níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ínfọ́ìsì yín bá dé iwájú wọn ni wàhálà máa bẹ́. Kọ́ńpìnì ni éjẹ́ǹtì máa kọ́kọ́ dojú kọ, torí ọ̀dọ̀ wọn lowó wà, àwọn náà á sì wá yíjú sí máníjà, máníjà á ní òun ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọ̀gá mi.

Ọ̀gá Ìwé:

Orílẹ̀-èdè wo lẹ wà? Torí òfin ò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Ìlú Ọba, òfin kan wà láti 2003, Conduct of Employment Agencies and Employment Businesses Regulations, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ó ní éjẹ́ǹtì tó fi èèyàn ránṣẹ́ ò lè gba owó kankan lọ́wọ́ kọ́ńpìnì torí pé wọ́n gba onítọ̀hún tààrà, tí àsìkò kan bá ti kọjá: ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn níbẹ̀, tàbí ọ̀sẹ̀ 14 láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Òfin yìí kan náà ló ní éjẹ́ǹtì ò lè mú owó yín dání torí pé kọ́ńpìnì ò tíì san tiẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn rè é. Ẹni tó bá ń lo kọ́ńpìnì tara ẹ̀ láti ṣiṣẹ́ lè tọwọ́ bọ̀wé pé òun yọ ara òun kúrò lábẹ́ òfin náà, éjẹ́ǹtì á wá fi ìwé yẹn há àárín àwọn ìwé tó kù, ẹ̀yin á sì tọwọ́ bọ gbogbo ẹ̀ gbùrúgbùrù. Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Òfin ò gbà kí éjẹ́ǹtì sọ pé tẹ́ ò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ òun ò ní wáṣẹ́ fún yín. Ó sì gbọ́dọ̀ ti wà ńlẹ̀ kí wọ́n tó mú yín dé ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnì, tẹ́ ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ kí wọ́n tó gbé e wá, kò ká iṣẹ́ yẹn.

Ní California tiẹ̀, àdéhùn tó bá ní kéèyàn má ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ níwájú òfin, láti 1872 ló ti wà bẹ́ẹ̀, àyàfi irú ìgbà tẹ́nì kan bá ta ilé-iṣẹ́ ẹ̀ fún ẹlòmíì. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan fi òfin ibòmíì dẹ́rù bà yín, ẹ má sì fi òfin ibòmíì gbójú lé.

Àṣàkẹ́ Design:

Àwa tá à ń rí iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà wà nínú ẹ̀ o. Upwork, ojú ewé kan tá a ti ń pàdé kíláyẹ́ǹtì, ní oṣù 24 látìgbà tẹ́ ẹ bá ti pàdé kíláyẹ́ǹtì lórí wọn, kò sí gbígba owó níta, àfi tẹ́nì kan bá san owó ìtúsílẹ̀ fún wọn. Wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa tí wọ́n bá gbọ́. Kíláyẹ́ǹtì á kàn ní "jọ̀ọ́ fi nọ́ńbà WhatsApp ẹ ránṣẹ́", àbí kó tiẹ̀ jẹ́ gbájúẹ̀ ni, á gba iṣẹ́ tán á sá lọ, ẹ ò sì lè fẹjọ́ sun Upwork torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ jáde kúrò lábẹ́ wọn.

Ọmọ Kóòdù:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti lọ ka ìwé ti iṣẹ́ kejì. Oṣù 12 ló kọ síbẹ̀, ó ní mi ò gbọdọ̀ bá "oníbàárà èyíkéyìí tí éjẹ́ǹtì ń bá ṣòwò" ṣiṣẹ́. Èyíkéyìí kẹ̀! Èmi tí mi ò mọ oníbàárà wọn, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ẹni tí mi ò gbọdọ̀ bá ṣiṣẹ́?

Ọ̀gá Ìwé:

Irú gbólóhùn fẹ̀ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, níbi tí wọ́n ti ń lo òfin bíi ti Ìlú Ọba, adájọ́ máa bi éjẹ́ǹtì pé kí ló fẹ́ dáàbò bò gan-an, tó bá sì ti kọjá bó ṣe yẹ, ó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ ta ló fẹ́ dé iwájú adájọ́? Ìsinsìnyí tí kọ́ńtíráàtì fẹ́ parí tí kọ́ńpìnì ṣì fẹ́ yín ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, torí tẹ́ ẹ bá lọ, éjẹ́ǹtì ò rí nǹkan kan gbà mọ́. Ẹ ní kó dín oṣù 12 kù, kó sì kọ ọ́ pé kíláyẹ́ǹtì tí òun mú yín mọ̀ nìkan ni, kó dárúkọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà wò ó kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ayékòótọ́:

Alárenà Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yín dáa, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ti referee, ẹni tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ yín. Éjẹ́ǹtì á pè yín, á ní iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ sí yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ fún òun ní orúkọ àti nọ́ńbà máníjà méjì tẹ́ ẹ ti bá ṣiṣẹ́, ẹ ò tíì dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kankan o. Kó tó dọjọ́ kejì ó ti ń pe àwọn máníjà yẹn pé ṣé wọ́n ń wá èèyàn. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń wáṣẹ́ fún mọ́, orúkọ àwọn èèyàn yín ni wọ́n ń wá.

Alárenà Tẹ́lẹ̀:

Òótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀, mi ò lè jiyàn ẹ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní referee àfi tí kíláyẹ́ǹtì bá ti ní òun máa gbà yín.

Bàbá Ínfọ́ìsì:

Gbogbo yín ń jà lórí kíláyẹ́ǹtì tí éjẹ́ǹtì ti fọwọ́ kàn. Àwọn tí éjẹ́ǹtì ò mọ̀ rárá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì ńlá ò lè bá ẹ̀yin nìkan ṣòwò kódà tó bá wù wọ́n, wọ́n ní orúkọ éjẹ́ǹtì mélòó kan tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ẹni tí kò bá gba ọwọ́ wọn ò wọlé. Àwọn kéékèèké ni kẹ́ ẹ wá, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí wàhálà ń bá náà ló ń buwọ́ lu owó. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tẹ́ ẹ ti jọ ṣiṣẹ́ rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dé kọ́ńpìnì mìíràn báyìí, wọ́n sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi ti ń rí iṣẹ́ jù.

Tẹ́ ẹ bá sì máa kọ ímeèlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sí àwọn tó ń gbanisíṣẹ́, éjẹ́ǹtì ni wọ́n máa darí yín sí. Ẹ kọ ọ́ sí ẹni tó ni database yẹn. Ẹ má kọ "mo wà lárọ̀ọ́wọ́tó, CV mi rè é". Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti tún ṣe níbòmíì tó jọ tiwọn, ìlà mẹ́rin márùn-ún, ó tó.

Ti owó, ẹ má sọ pé torí kò sí éjẹ́ǹtì ẹ máa gba 76. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó ìbánigbófò tó bá jẹ́ dandan, ẹ̀yin lẹ máa lépa gbèsè, ẹ̀yin lẹ máa kọ ìwé àdéhùn, tí iṣẹ́ bá sì dá dúró kò sẹ́ni tó máa pè yín pé òmíràn ti wà ńlẹ̀. Tó bá jẹ́ 100 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, ẹ ní 90, inú wọn á dùn, inú tiyín náà á dùn. Tàbí kẹ́ ẹ dá iye kan fún odindi iṣẹ́, kẹ́ ẹ gba díẹ̀ ṣáájú. Kọ́ńpìnì kékeré tí ò bá fẹ́ san nǹkan kan ṣáájú, bí wọ́n ṣe máa san ìyókù ti hàn nìyẹn.

Ọmọ Kóòdù:

Kí n wá jábọ̀. Mo kọ̀wé sí kọ́ńpìnì àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n fèsì o, wọ́n ní CV mi wu àwọn gan-an, àmọ́ gbogbo kọ́ńtíráàtì àwọn ń gba ọwọ́ éjẹ́ǹtì mẹ́ta kan, kí n lọ bá ọ̀kan nínú wọn. Mo wò ó, éjẹ́ǹtì tó pè mí níjọ́sí ò sí níbẹ̀! Bàbá Ínfọ́ìsì, bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀ ni.

Ti èkejì, mo sọ fún máníjà pé kó lọ béèrè ohun tó wà nínú ìwé tiwọn, ó lọ, ó padà wá, kò tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi mọ́ 😂. Mo wá bá éjẹ́ǹtì sọ ọ́ tààrà, mo ní mo mọ iye tí wọ́n ń san, tí kò bá sún mi sókè mo ń lọ. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ta ló sọ fún mi. Nígbà tó yá ó gbà láti mú 15, kí n máa gba 85, oṣù 12 di oṣù 6, kíláyẹ́ǹtì kan yìí nìkan.

Ayékòótọ́:

Orí fóònù ló sọ ọ́, àbí ó ti kọ ọ́ sílẹ̀?

Ọmọ Kóòdù:

Orí fóònù. Mo ti ní mi ò ní wọlé títí ìwé tuntun á fi dé.