Èémí tó ń yọ bí èéfín nínú ooru Èkó: báwo la ṣe máa ṣe é?

ỌmọYábà_Kámẹ́rà:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. A fẹ́ ya fíìmù kúkúrú, ìṣẹ́jú 12, nípa ọmọbìnrin kan tí ẹ̀mí àìmọ́ gbé wọ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe nínú The Exorcist ní 1973. Yàrá kan ní Yábà la ó ti yà á: ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, 14 lóòró, fèrèsé kan, táìsì nílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la ní, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ 3.5kVA kan.

Nǹkan mẹ́ta ló ń dà wá láàmú: èémí tó ń yọ bí èéfín lẹ́nu ọmọ náà, bẹ́ẹ̀dì tó ń mì, àti èébì aláwọ̀ ewé yẹn. A gbé éésì sí 16, a sé ilẹ̀kùn, a mí títí, kò sí ohun tó jáde. Kí la ṣì ṣe? A ò fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bani nínú fíìmù àtijọ́ yẹn ni pé nǹkan gidi ló wà níwájú kámẹ́rà.

BàbáIná_Ṣùúrùlérè:

Ọmọ Yábà, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣì í, 16 yẹn ni kò tó. Èémí èèyàn máa ń jáde ní nǹkan bíi 34°C, ó sì kún fún omi. Kí ojú tó lè rí i, afẹ́fẹ́ tó bá pàdé níta gbọ́dọ̀ tutù débi pé omi inú rẹ̀ á di ìrì wẹ́wẹ́ lójú ẹsẹ̀. Láti bíi 7°C lọ sísàlẹ̀ ló ti máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé bí éésì ṣe ń mú yàrá tutù, bẹ́ẹ̀ ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ dà sẹ́yìn ilé. Ẹ ò rí i bó ṣe ń kán tó tó tó lára ògiri? Omi tí ì bá ràn yín lọ́wọ́ nìyẹn.

Àwọn ti 1973 ò pa idán kankan. Wọ́n kọ́ yàrá ọmọ yẹn sínú ilé ìyafíìmù ní New York, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ di fìríìsà, ó tutù kọjá ibi tí omi ti ń di yìnyín. Owen Roizman tó wà nídìí kámẹ́rà fi iná sẹ́yìn èémí kó lè hàn, àmọ́ iná yẹn náà ló ń mú yàrá gbóná padà. Wọ́n á yà díẹ̀, wọ́n á dúró kó tún tutù, wọ́n á tún yà díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ kóòtù nínípọn. Linda Blair, ọmọdé tó ṣe ọmọbìnrin náà, aṣọ ìsùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ 3.5 ò lè dá irú ẹ̀ láṣà.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ ya eré yín ní Yábà bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ bá àwọn tó ni kóòdù rúùmù ẹja ní Ìjọ́rà, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n fún wákàtí kan lọ́sàn-án nígbà tí àwọn alájàpá òwúrọ̀ bá ti kó ẹja wọn lọ. Inú ibẹ̀ máa ń tó -18°C. Ẹ ta fẹ́lífẹ́ẹ̀tì dúdú sẹ́yìn ọmọ náà (aṣọ dúdú tó ń dán á ba iṣẹ́ jẹ́), kẹ́ ẹ gbé iná LED kan sẹ́yìn rẹ̀ lápá kan. Kí iná yẹn má kan aṣọ dúdú rárá o. Inú èémí ni kó gbà kọjá sápá kámẹ́rà. Iná tó bá ti iwájú wá, òfo ni, èémí ò ní hàn.

Ẹ jẹ́ kó mu tíì gbígbóná ẹnu kan kó tó mí. Èémí á nípọn sí i. Kí orí rẹ̀ wà ní ìdúró kan náà tó wà ní Yábà, kí kámẹ́rà wà ní gíga kan náà, lẹ́ǹsì kan náà. Ẹ fi fóònù ṣí àwòrán ti Yábà fún un kó máa wò ó, kí ìgbà tó ń mí lè bá ẹnu rẹ̀ mu. Níbi tẹ́ ẹ ti ń to fíìmù, ẹ gbé èémí yẹn lé orí àwòrán, kẹ́ ẹ yan Screen: gbogbo dúdú á lọ, èémí nìkan á kù. Kọ̀ǹpútà ò ya nǹkan kan níbẹ̀, ó kàn gbé èémí gidi lé ẹnu gidi ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ máa lò nínú kóòdù rúùmù, kẹ́ ẹ jáde sínmi. Kí ẹnì kan dúró sídìí ilẹ̀kùn níta látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bátìrì máa ń tètè kú nínú òtútù, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ ò tíì lò sápò ṣòkòtò níbi tó ti máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde sínú ooru, ẹ kọ́kọ́ dì í sínú nílọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ so ó pa, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bíi ìṣẹ́jú 45. Bẹ́ ẹ bá gbé e jáde ní ìhòòhò, omi á bo lẹ́ǹsì nínú lóde, wàhálà dé nìyẹn.

Ẹnì kan máa sọ pé kẹ́ ẹ lo dry ice, ìyẹn gáàsì carbon dioxide tí wọ́n mú tutù títí tó fi dì gbagidi. Ẹ má gbé e wọ yàrá kékeré tẹ́ ẹ sé ilẹ̀kùn rẹ̀. Gáàsì tó ń tinú rẹ̀ jáde wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń kóra jọ sí, ó sì lè kún dé ibi tí ọmọ tó dùbúlẹ̀ ti ń mí.

ÌyáPúrọ́ọ̀pù_Ìsàlẹ̀Èkó:

Bàbá Iná ti sọ tòtútù, ẹ jẹ́ kí n sọ tèébì.

Ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé táwọn òyìnbó ń pè ní pea ni wọ́n rọ́ gba inú rọ́bà nínú fíìmù yẹn. Àyà ni wọ́n ní yóò ba Jason Miller tó ṣe àlùfáà Karras. Ojú ló ba. Ìríra tẹ́ ẹ rí lójú ẹ̀ kì í ṣe eré. Rọ́bà kì í gbọ́ràn, ẹ fi sọ́kàn.

Tiwa rèé. Omi lítà kan àtààbọ̀. Ògì funfun ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù díẹ̀ pò ó, kẹ́ ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kẹ́ ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kó fúyẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ, torí ó máa ki sí i bó bá ṣe ń tutù. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ po ewédú jíjá sí i, ìdajì ife tíì. Ewédú ló máa fún un ní àwọ̀, òun náà ló máa mú un yọ̀ bí ohun tó tinú èèyàn jáde. Ẹ má fi káún sí i o, ẹnu àti ojú èèyàn ló ń lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ewédú kọjá ìdajì ife: á máa fà bí okùn láti ẹnu dé àyà, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín, torí kò sí Yorùbá tí ò dá ewédú mọ̀ lójú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kókó kékeré kan báyìí tó láti dí rọ́bà. Bó bá dí, ẹni tó ń fún pọ́ǹpù á tẹ agbára mọ́ ọn, bí kókó bá wá yọ lójijì, ojú ẹnìkejì ló ń bọ̀.

Rọ́bà funfun táwọn bíríkìlà fi ń wọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ rà, mítà mẹ́ta. Ẹ fi páásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kámẹ́rà ò rí, kí ẹnu rẹ̀ dé igun ètè. Kó má wọ inú ẹnu ọmọ náà. Òun á kó ẹnu kan ti ẹ̀ sẹ́nu fúnra ẹ̀, á tu ìyẹn, ti rọ́bà á sì tẹ̀ lé e. Bí ojú bá ń wò ó, ọ̀kan náà ni. Pọ́ǹpù tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn fín oògùn sóko ló ń fún un dáadáa bẹ́ ẹ bá yọ orí ẹ̀. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tí wọ́n ti fi fín oògùn rí, bẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ má gbé e sún mọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán dán an wò níta. Ẹ fi ẹfun sàmì ibi tó balẹ̀ sí. Aṣọ ìsùn mẹ́ta tó bára mu, ìtẹ́bùsùn mẹ́ta tó bára mu. Ọ̀kan ò tó, torí bí ewédú bá kan aṣọ funfun, kò sí àtúnyà títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá pé wákàtí mẹ́rin, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ se tuntun. Ó máa kan.

Káfíńtà_ÈbúteMẹ́ta:

Bẹ́ẹ̀dì: ẹ má lo onípákó tí wọ́n kàn fi ìṣó kàn, kò ní pẹ́ tú. Onírin, 6 sí 3½, tó ní bóòtù. Ẹ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ de púláíwùdù tó nípọn mọ́ ọn lábẹ́, kẹ́ ẹ gbé e ka orí túùbù kẹ̀kẹ́ Màrúwá mẹ́rin, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ inú wọn dé ìdajì. Bó bá kún jù, bẹ́ẹ̀dì á máa fò bíi bọ́ọ̀lù. Bí ò bá tó, irin á máa kan táìsì. Máàtì rọ́bà sábẹ́ túùbù, torí táìsì ń yọ̀.

Igi 2 by 4, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ẹ tì í bọ abẹ́ rẹ̀ láti apá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù kan, kí èèyàn méjì máa tẹ ìdí rẹ̀ níbi tí kámẹ́rà ò dé. Kí àlàfo tó ẹsẹ̀ bàtà kan wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Ìtẹ́bùsùn kó wọ́ dé ilẹ̀. Kámẹ́rà kó dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Táwọn ọ̀dọ́ bá ti rí bẹ́ẹ̀dì tó ń mì, ṣe ni wọ́n máa ń mi kámẹ́rà náà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ èwo ló ń mì.

Ẹ má so ọmọ náà mọ́ ohunkóhun. Nínú fíìmù yẹn, okùn tí wọ́n fi de Linda Blair mọ́ ẹ̀rọ tú díẹ̀, ó sì ṣe é léṣe lẹ́yìn. Ellen Burstyn tó ṣe ìyá rẹ̀ náà farapa nígbà tí wọ́n fi wáyà fà á lulẹ̀. Ẹ yẹ bóòtù wò lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá yà á, ìmìtìtì máa ń tú nọ́ọ̀tì.

ỌmọYábà_Kámẹ́rà:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè kan ló kù. Ọmọ tó fẹ́ ṣe é ń bi wá bóyá kí òun máa yí ojú, kí òun máa jó bíi ẹlẹ́gùn Ṣàngó. Orúkọ tá a sì ti fún fíìmù náà ni "Èṣù Wọlé".

Àkànbí_Ọ̀rọ̀:

Ẹ̀gbọ́n àbí àbúrò, ẹ dákun, ẹ tún méjèèjì rò.

Òrìṣà máa ń gun ẹlẹ́gùn ni. Ẹni tí wọ́n ti ṣe ètùtù fún, tó ti múra, tí ìlù ń pè, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yí i ká. Ìlú ń retí ẹni tó ń bọ̀, wọ́n sì mọ oríkì rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́mọ inú fíìmù yẹn yàtọ̀ pátápátá: ohun kan gbé e wọ̀ tí kò sẹ́ni tó pè é, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, nínú yàrá tó dákẹ́. Bí ọmọ yín bá jó bíi ẹlẹ́gùn, ayẹyẹ làwọn Yorùbá tó ń wò ó máa rí, ẹ̀rù náà á sì tán. Kó má ṣe nǹkan kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́. Kó jókòó. Kó máa dá ìyá rẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ẹ̀yin, ẹ̀yin", kó wá di "ìwọ" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìgbé ohùn sókè. Ọmọ Yorùbá tó bá pe ìyá rẹ̀ ní "ìwọ", ẹ ò nílò èébì mọ́. Ẹ ṣáà sè é.

Ní ti orúkọ: Bíbélì Yorùbá ló sọ Sátánì di Èṣù. Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ ni Ẹlẹ́gbára, ońṣẹ́ àwọn òrìṣà. Èyí tó wà nínú fíìmù 1973 sì ní orúkọ tirẹ̀, Pazuzu, ẹ̀mí afẹ́fẹ́ burúkú àwọn ará Mesopotámíà àtijọ́. Ìdí rèé tí fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìráàkì, níbi tí àlùfáà Merrin ti rí ère. "Ẹ̀mí àìmọ́" tàbí "àjèjì" ló bá tiyín mu.

Olóhùn_Múṣin:

Gbogbo yín ń sọ tojú, etí ńkọ́? Oscar méjì ni fíìmù yẹn gbà: ọ̀kan ti ìwé eré, ìkejì ti ohùn. Ohùn ẹ̀mí yẹn, Mercedes McCambridge ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ọmọ náà. Ìró ọrùn tó ń yí sì jẹ́ pọ́ọ̀sì awọ àtijọ́ tó ti sán, tí wọ́n kó káàdì sínú ẹ̀, tí Gonzalo Gavira ń lọ́ nídìí máíìkì.

Pọ́ọ̀sì awọ gbígbẹ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Ẹ gbé máíìkì súnmọ́ ọn tó ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kẹ́ ẹ lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí egungun kán, ẹ fọ́ gbágùúdá tútù sí méjì. Fún ohùn, ẹ gba ti obìnrin àgbà tó ti há díẹ̀. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà fa ohùn ọmọ wálẹ̀, gbogbo èèyàn ló ti mọ ohùn yẹn báyìí.

Kẹ́ ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn jìnnà, ó kéré tán mítà 25, kí ògiri kan wà láàárín. Ẹ lọ sọ fáwọn aládùúgbò ṣáájú. Bí ọmọbìnrin bá ń ké lóru ní Yábà, tí wọn ò mọ̀ pé fíìmù ni, wọ́n máa já ilẹ̀kùn, wọn ò sì jẹ̀bi.

ỌmọYábà_Kámẹ́rà:

A ti pa orúkọ yẹn rẹ́. Ó ti di "Àjèjì". "Ìwọ" yẹn, ìyá tó fẹ́ ṣe eré náà gbọ́ ọ, ó ní ara òun bù máṣọ. Ìyá Púrọ́ọ̀pù, ṣé ewédú tútù ni ká rà, àbí ti gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀?

ÌyáPúrọ́ọ̀pù_Ìsàlẹ̀Èkó:

Tútù. Àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó ni kẹ́ ẹ rà á. Ti gbígbẹ kì í yọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì dí rọ́bà.