Ṣé ìjọba ìlú lè lé àwọn tó ti jáwọ́ nínú oògùn olóró?

Ẹ̀yin ará wa tó mọ òfin ilé ní Amẹ́ríkà, ẹ gbà mí. Ní Texas, mo gba ilé kan fún ọkùnrin 8 tó ti jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn olóró. Kò sí ẹni tó ń lò ó mọ́ nínú wọn. Ìjọba ìlú ní ẹni 6 tí kò bára tan ló lè jọ gbélé, kí n lé 2 jáde. Ta ni kí n lé? Mo tọ́ka sí àtúnṣe 1988 sí Fair Housing Act, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ka ẹ̀tanú nínú ọ̀rọ̀ ilé léèwọ̀, tí àtúnṣe náà sì dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, títí kan àwọn tó ti jáwọ́ nínú oògùn olóró. Mo sì kọ̀wé sí ìjọba ìlú pé kí wọ́n yọ̀ǹda kí àwọn 8 náà jọ máa gbébẹ̀. Oṣù méjì rèé, wọn ò fèsì. Ṣé àìfèsì yìí ti di kíkọ̀ lójú òfin, kí n gbé e lọ sí HUD (iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé), àbí mo gbọ́dọ̀ dúró de ìpinnu wọn?