Ẹrù ìyá wa ní Iléṣà: ṣé kí a lù ú ní gbàǹjo ni?

Àkọ́bí Òkèsà béèrè:

Mo kí gbogbo ilé o. Ìyá wa dágbére fún ayé ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, àwa ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bí sì ti pinnu pé a ó fi ilé wọn ní Òkèsà fún ayálégbé kí ọdún yìí tó parí. Ohun tí ó wà nínú ilé náà ni ìṣòro wa. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá wa fi ta aṣọ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, tí wọ́n sì tún ń fi àwo àti ìkòkò yá àwọn tí ó bá ń ṣe ìnáwó, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ó wọ ilé wọn tí ó tún jáde. Yàrá méjì kún fún abọ́ tánganran, agbada irin, kúlà àti ìkòkò ńlá tí a fi ń se ìrẹsì àsè. Pọ́tímáńtò márùn-ún kún fún aṣọ òkè àti àdìrẹ. Iyùn àti ère igi méjì sì wà nínú àpótí kékeré kan.

Ọkùnrin kan tí ó máa ń ra ẹrù ilé ti wá wò ó. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kò tilẹ̀ ṣí pọ́tímáńtò kẹta, tí ó fi dá iye kan ṣoṣo lé gbogbo rẹ̀, tí ó sì ní òun yóò gbé ọkọ̀ wá ní Sátidé. Àbúrò mi tí ó wà ní Kánádà ní kí a gbà bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀. Àbúrò ìyá wa ní tiwọn sọ pé a kì í ta aṣọ ìyá ẹni, pé ṣe ni a ń pín in. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ká àbámọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Aláṣọ Ẹrẹ́jà dáhùn:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ náà wá ní Sátidé. Ẹni tí ó bá da sányán pọ̀ mọ́ kúlà, tí ó sì dá iye kan lé méjèèjì, owó kúlà ni yóò san fún sányán.

Ẹ kó àwọn aṣọ òkè jáde, kí ẹ tẹ́ wọn sórí ẹní ní ibòòji, nítorí oòrùn a máa pa àwọ̀ aṣọ. Ẹ ya ẹtù, àlàárì àti sányán sọ́tọ̀. Sányán ni èyí tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ aṣọ tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni à ń pè bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé tí kòkòrò sányán fi òwú ara rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń ran òwú sányán tòótọ́. Ẹ fa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ ní etí aṣọ, kí ẹ ṣá iná sí i. Bí ó bá rùn bí irun tí iná jó, tí eérú rẹ̀ sì fọ́ lẹ́búlẹ́bú láàárín ìka yín, sányán ni. Bí ó bá rùn bí ìwé jíjó, òwú oko lásán ni. Bí ó bá yọ́, tí ó sì di kókó líle, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni òwú náà.

Ní ti iyùn, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i láti fi dán an wò. Omi kíkan a máa jẹ iyùn gidi, kí ẹ sì tó mọ̀ pé gidi ni, ó ti bà jẹ́. Ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́: gidi a máa tutù, a sì máa wúwo ju ike lọ.

Àwọn alásè ni kí ẹ pè fún ìkòkò àti agbada. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ dojú gbogbo abọ́ yẹn dé, kí ẹ wo ìdí wọn. Àwa tí a ń fi àwo yáni a máa fi ọ̀dà sàmì síbẹ̀ kí tiwa má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn níbi ìnáwó. Èyí tí àmì rẹ̀ kì í bá ṣe ti màmá, ohun olóhun ni.

Bàbá Ìmọ̀ dáhùn:

Kí ẹ tó ta ṣíbí kan, ẹ pe mọ̀lẹ́bí jọ, kí olórí ẹbí fi ìdí-igi pín in. Bí àwọn baba wa ti ń ṣe nìyẹn.

Ọmọ Ẹnuwá dáhùn:

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ogún bàbá tí ó fẹ́ ju ìyàwó kan lọ ni à ń fi ìdí-igi pín, tí ìyá kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́ ìdí kan. Bí ó bá di orí-ò-jorí, iye orí àwọn ọmọ ni à ń kà. Orí èyí gan-an ni ẹjọ́ Danmole àti Dawodu dá lé, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ní 1958, tí àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí ní 1962. Ọmọ mẹ́rin yìí, ìyá kan náà ni ó bí wọn, ìdí kan ni wọ́n. Kí wọ́n fẹnu kò, kí ti Kánádà sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò ìyá wọn ni kí ó kọ́kọ́ mú aṣọ tí ó bá wù wọ́n. Òfin kọ́, ọmọlúàbí ni.

Ère igi méjì yẹn ni ó mú mi kọ̀wé, nítorí pé gbólóhùn kan péré ni ẹ fi mẹ́nu bà á. Bí ó bá jẹ́ ère ìbejì, ẹ má tà á fún ẹni tí ó kàn wá sílé. Òfin 1979 tí ó wà lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kó ohun ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 mọ́ra, àti èyí tí ó ní iyì ìtàn tàbí ti ọnà tí wọ́n sì ti lò rí fún ayẹyẹ ìbílẹ̀. Ẹni tí ìjọba bá fún láṣẹ nìkan ni ó lè rà á, kò sì gbọdọ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ ya àwòrán wọn, kí ẹ gbé e wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Ẹnuwá, ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín. Ojú àwa ará Ifẹ̀ ti rí i: nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ọ̀kan ti wà ní British Museum ní 1939, kò sì tíì padà wálé.

Àkọ́bí Òkèsà padà wá:

Ẹ ṣeun gan-an. A ti dá ọkọ̀ Sátidé dúró. Fọ́nrán aṣọ mẹ́ta rùn bí irun. Ti méjì yọ́ di kókó. Àbúrò ìyá wa ní ti ìbejì tí wọ́n bí ṣáájú ìyá wa ni àwọn ère náà. Wọ́n gbé wọn lé itan, wọn kò sì tíì fún mi padà, n kò sì béèrè.

Ọ̀dà pupa ni àmì ìyá wa. Abọ́ mọ́kànlá ni mo rí tí ọ̀dà aláwọ̀ ewé wà ní ìdí wọn, mo sì fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí àwọn ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó ni wọ́n wá kó wọn lánàá. Wọn kò wá lọ́wọ́ òfo: wọ́n gbé agbada kan dání tí ọ̀dà pupa wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn.