Alága ẹgbẹ́ aránṣọ wa papòdà lójijì: ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wéẸ̀ka
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi. Alága ẹ̀ka wa papòdà lóru Ọjọ́rú. Wọ́n ṣì jókòó ti màṣíìnì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá wọn wà láyé. Wọ́n ti sin wọ́n lọ́jọ́ kejì nílànà Ìsìláàmù, àdúrà ọjọ́ kẹjọ ló kù. Ohun tí gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n mọ́ ni pé bí kọ́sítọ́mà bá fẹjọ́ aránṣọ sùn, wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá: wọ́n á yí aṣọ náà sódì, wọ́n á wo ojú ìránṣọ, wọ́n á fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó la ẹnu.
Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìwé ìrántí, àwọn kan sì ti ń dá owó lé ankó. Ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù wọn, ọmọṣẹ́ mẹ́ta wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé wọn wà lórí ṣẹ́ẹ̀kì ẹgbẹ́, owó àjọ oṣù yìí sì wà nínú àkáǹtì tara wọn. Èwo ló yẹ kó ṣíwájú?

Alágbádá
Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Aṣọ oníbàárà ni. Ẹni tó gbé aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní pẹ́ dé, bí kò bá sì rí i, orúkọ olóògbé ni yóò máa wọ́ kiri ọjà.
Ẹbí ni kó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kí ọmọ olóògbé kan, ọmọṣẹ́ tó pẹ́ jù níbẹ̀ àti ẹni méjì láti inú ẹgbẹ́ jọ wọlé. Ẹ ya èyí tí wọn kò tíì gé sọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ti gé, àti èyí tí wọ́n ti rán. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi píìnì há bébà mọ́ ọn: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye yáàdì tí ẹ fúnra yín wọ̀n, iye tí wọ́n ti san. Èyí tí wọn kò tíì gé, ẹ dá a padà, kí ẹni tó ni ín buwọ́ lùwé.
Èyí tí wọ́n ti gé ló ń dá ìjà sílẹ̀. Aránṣọ kan ń fi ààbọ̀ ínṣì sílẹ̀ fún ojú ìránṣọ, òmíràn ínṣì kan. Bí ẹ bá lọ fi ínṣì kan rán aṣọ tí wọ́n gé fún ààbọ̀, ojú ìránṣọ kọ̀ọ̀kan á jẹ ínṣì kan sí i, torí etí méjì ló ní. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì nìkan á ti mú ínṣì méjì kúrò ní àyà. Ìwé ìwọ̀n wọn náà, ẹ ṣọ́ra fún un. 44 tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè jẹ́ ara ènìyàn gan-an, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti fi àyè ínṣì mẹ́rin kún un. Ẹ wá aṣọ tí wọ́n ti rán fún oníbàárà kan náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí aṣọ bá jẹ́ 48, tí ìwé sọ 44, ara lásán ni wọ́n ń kọ.
Ẹ má da ìrépé kankan nù títí tí aṣọ á fi kúrò nílẹ̀.

Akápò
Ẹ má lo ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n ti buwọ́ lù sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, kódà kó jẹ́ owó àdúrà lẹ fẹ́ fi yọ. Ẹ pe ìpàdé, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó wá àti ẹni tí ẹ yàn rọ́pò, kí ẹ kó àkọsílẹ̀ yẹn lọ sí báǹkì pẹ̀lú lẹ́tà ẹgbẹ́, ìwé ẹ̀rí ikú, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, BVN àti káàdì ìdánimọ̀ ẹni tuntun náà. Ìwé tí ilé ìwòsàn kọ àti èyí tí NPC (iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka iye ènìyàn) ń fúnni kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti NPC ni kẹ́ ẹ bá ẹbí wá.
Owó àjọ ló le. Bó ti wà nínú àkáǹtì tara wọn yẹn, lójú báǹkì, ara ogún ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi káàdì ATM wọn yọ ọ́, ọmọ wọn pàápàá. Báǹkì á tì í tí wọ́n bá ti gbọ́, ẹbí á sì ní láti gba ìwé àṣẹ ní ilé ẹjọ́ gíga kí owó tó jáde. Ẹ tẹ àlẹ́ẹ̀tì ẹni kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ kọ iye àti ọjọ́ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ kó o fún ẹbí gẹ́gẹ́ bíi gbèsè, kí ẹ sì ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Ẹni tí àjọ kàn loṣù yìí ńkọ́? Ẹ bá a sọ ọ́ nísinsìnyí, kó má lọ sọ ọ́ nílé àdúrà.

Atẹ̀wé
Ìwé ìrántí: mẹ́rin-mẹ́rin ni ojú ìwé ń lọ, nítorí bébà tí wọ́n ṣẹ́ po ni. Mẹ́jọ tàbí méjìlá. Bí ẹ bá kó mẹ́sàn-án wá, mẹ́ta á ṣófo. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, nítorí náà ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú olóògbé á rí bàìbàì lórí bébà. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ẹnu ẹbí ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ má wò ó lórí Facebook. Kí ẹ sì yẹ PDF wò fún àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ ẹ, ọ, ṣ kó tó bọ́ sórí ẹ̀rọ. Fọ́ǹtì mìíràn máa ń sọ wọ́n di àpótí òfìfo.
Nǹkan bí 250 ọ̀rọ̀ ni ojú ìwé A5 gbà láìfún pọ̀. Aṣọ tí wọ́n ń yí sódì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. “Akínkanjú, ọ̀làwọ́, ẹlẹ́yinjú àánú” ti wà nínú ìwé gbogbo òkú.

ÌyálájeÌsọ̀
Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ń dá ankó lójú ìyá tó bí olóògbé? Òkú ọ̀fọ̀ ni. Kí oníkálukú wọ aṣọ tó ní, kó fi téèpù kọ́rùn, ó tó. Owó ankó yẹn, ẹ dì í sínú àpòòwé fún ìyàwó àti àwọn ọmọ.
Àwọn ọmọṣẹ́: ẹ wá ìwé àdéhùn wọn. Ọdún tí wọ́n ti lò gbọ́dọ̀ kà lọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun, kò sì gbọ́dọ̀ gba owó ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ tún bi wọ́n léèrè èwo nínú màṣíìnì ni tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gbé ti ara wọn wá, ẹbí tí kò mọ̀ á kà á mọ́ ti bàbá.

Akọ̀wéẸ̀ka
Ẹ ṣé gan-an, mà, àti gbogbo yín. Ẹ̀yọ kan ló kù: alága tó papòdà nìkan ni ádímínì WhatsApp ẹgbẹ́.

Akápò
Ẹ bẹ ọmọ wọn kó ṣí fóònù náà, kó fi yín ṣe ádímínì kí wọ́n tó yọ síìmù. Bí àkáǹtì WhatsApp bá wà láìlò fún 120 ọjọ́, wọ́n á pa á rẹ́. Ẹ má sì yọ nọ́ńbà wọn kúrò kí àdúrà ọjọ́ kẹjọ tó kọjá.