Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró de Ọlọ́run rí, ẹ wá sọ bó ṣe rí

Àríkẹ́_Akọrin: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Pásítọ̀ wa wàásù lórí Hábákúkù 2:3 ní Sọ́ńdè, pé ìran náà ní àkókò tirẹ̀, bó bá pẹ́, ká dúró dè é. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń ké àmín, àmọ́ èmi ń wo àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo mọ ohun tí ojú wọn ti rí. Ẹni tó bá ti dúró rí, tàbí tó ṣì ń dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ìrírí ni mo fẹ́ o, kì í ṣe ìwàásù.

Déèkìnì_Àgbà: Àkókò Ọlọ́run ló dára jù.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà: Tèmi, iṣẹ́ ni. Mo parí àgùnbánirọ̀, mo ní kò ní pẹ́, mo kọ lẹ́tà, mo gbààwẹ̀, wọ́n pè mí fún ìntáfíù wọn ò tún pè mí mọ́, ni mo bá lọ ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ta síméǹtì àti irin ní Iléṣà, mo ní kí n kàn fi gbọ́ bùkátà díẹ̀ ni, ibẹ̀ náà ni mo wà títí dòní. Iṣẹ́ báńkì tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún kò dé. Mi ò mọ̀ bóyá ó ní kí n ṣì máa dúró ni àbí ọjà síméǹtì yìí gan-an ni ìdáhùn.

Ìyá_Ìrètí: Déèkìnì sà, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ gbólóhùn tí ẹ kọ yẹn ni wọ́n fi ń pa mí lẹ́nu mọ́ látìgbà tí mo ti délé ọkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ń ṣe ìkómọ, mo bá wọn dáná láti ìdájí, èéfín ṣì wà lára mi. Wọ́n ti fi oyin àti iyọ̀ wúre tán, ni mọ́mì kan bá gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó ní "gbé e mọ́ra, kí tìẹ náà lè tètè dé". Gbogbo ilé bá kọjú sí mi, wọ́n ń ké àmín, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọmọ yẹn ń wá ọmú kiri lára bùbá mi. Mo rẹ́rìn-ín fún wọn o. Ìgbà tí mo délé, mi ò lè bọ́ṣọ, mi ò lè jẹun. Ti Sọ́ńdè àwọn ìyá ni mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ, tí wọ́n máa ní kí gbogbo abiyamọ dìde wá gbẹ̀bùn. Mi ò fi Ọlọ́run sílẹ̀, mi ò sì ní fi í sílẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé Hánà sunkún ní Ṣílò débi pé Élì rò pé ó mutí yó, àlùfáà ni Élì o.

Jọkẹ́_Ìbàdàn: Ọmọ ń wá ọmú lára bùbá. Ibẹ̀ ni mo ti gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́ ma.

Déèkìnì_Àgbà: Mo gbọ́ yín, ìyá. Ọlọ́run á gbọ́ tiyín bó ṣe gbọ́ ti Hánà.

Bàbá_Ìbejì: Ìyá Ìrètí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Nígbà tiwa, ìyàwó mi ni gbogbo èèyàn ń gbé lọ sórí òkè àdúrà, ẹnì kankan ò bi èmi léèrè nǹkan kan. Dókítà ló ní kí àwa méjèèjì ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ẹbí mi yarí, wọ́n ní àbùkù ni, wọ́n tiẹ̀ ti ń wo ìyàwó kejì sílẹ̀ fún mi. Mo ṣe é. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá, iṣan tó wú níbi kórópọ̀n, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré. À ń gbàdúrà lọ ní tiwa, ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà: Sà, mi ò bá yín jà o, ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ti Hágárì? Ṣebí Sárà náà ní kí òun ran Ọlọ́run lọ́wọ́ ni.

Jọkẹ́_Ìbàdàn: Háà! Ọsibítù kọ́ ni Hágárì. Èèyàn ni Hágárì, ẹnikẹ́ni ò bi í bóyá ó fẹ́. Ẹni ọdún 75 ni Ábúráhámù nígbà tó kúrò ní Háránì, ó pé 86 kí Hágárì tó bí Íṣímáẹ́lì, ó pé 100 kí wọ́n tó bí Ísáákì. Ara ẹrúbìnrin ni wọ́n ti wá ọ̀nà àbùjá. Ìgbà tó sá lọ sínú aginjù, Ọlọ́run ló wá a lọ síbi ìsun omi, òun ló sì pe Ọlọ́run ní ẹni tó rí òun.

Ìyá_Ìrètí: Ẹ ṣeun, Jọkẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ń bá wá ìyàwó kejì fún ọkọ ẹ̀ ló máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dunni.

Tèmi_Lọ́ńdọ̀nù: Èmi ń dúró de ìwé ìgbélùú níbí. Wọn ò gbà kí n jáde kí n sì padà wọlé, ìyá mi bá kú ní Ìkirè. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú, nẹ́tíwọ̀kì ń já. Ìwé dé lẹ́yìn ìyẹn. Mo ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣì ń kọrin. Kẹ́nikẹ́ni má ṣáà sọ fún mi pé àkókò yẹn ló dára jù.

Àríkẹ́_Akọrin: Áà. Ẹ kú àmúmọ́ra o.

Déèkìnì_Àgbà: Mi ò ní sọ ọ́. Jésù gbọ́ pé Lásárù ń ṣàìsàn, ó tún lo ọjọ́ 2 sí i níbi tó wà. Ìgbà tó dé, Màtá sọ ọ́ sí i lójú pé ká ní ó wà níbẹ̀ ni, arákùnrin òun ì bá má kú. Jésù ò bá a wí. Ó sunkún pẹ̀lú wọn, bẹ́ẹ̀ ó mọ ohun tóun fẹ́ ṣe.

Tèmi_Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ ṣé, bàbá.

Olùkọ́_Abẹ́òkúta: Ẹ rántí Àjàyí Crowther. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, tòun tìyá rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n. 1846, ní Abẹ́òkúta níbí, ni wọ́n tó tún fojú kanra, ọdún 25. Ní 1848 ìyá náà ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà: Ṣé Ọlọ́run ló wá ní kí wọ́n kó o lẹ́rú ni, sà?

Olùkọ́_Abẹ́òkúta: Rárá o! Èèyàn ló ṣe ìkà yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé Ọlọ́run ò pàdánù ọ̀nà ilé ìyá ẹ̀.

Àríkẹ́_Akọrin: Ìyá Ìrètí, mo wà nínú ìgbìmọ̀ Sọ́ńdè àwọn ìyá lọ́dọ̀ wa. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ ká ṣe é?

Ìyá_Ìrètí: Ẹ má ní kẹ́nikẹ́ni dìde. Ẹ pín ẹ̀bùn náà fún gbogbo obìnrin lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń jáde, ọ̀dọ́ àti àgbà. Ẹ jẹ́ kí àdúrà àwọn tó ń wá ọmọ wà lára ti gbogbo ìjọ, ẹ má pè wá síwájú.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà: Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà, irú dókítà wo lẹ lọ rí? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni.

Bàbá_Ìbejì: Kó lọ sí ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà, kó ní òun fẹ́ rí dókítà tó ń rí sọ́rọ̀ ìtọ̀ àti ara ọkùnrin. Wọ́n á ní kó má súnmọ́ ìyàwó fún ọjọ́ 2 sí 7 kó tó wá ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tó bá ń mu àgbo, kó sọ fún wọn. Kí òun àtìyàwó ẹ̀ sì jọ lọ.