Kò sí ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú orí mi: ṣé CBT lè ṣiṣẹ́ fún mi?

Ìbéèrè (Aláìlóhùn-Inú)

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ìtọ́jú CBT (cognitive behavioural therapy, ìtọ́jú ọkàn tó ń yẹ èrò àti ìṣe ẹni wò) rí àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ṣiṣẹ́.

Èmi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú orí mi. Tí mo bá ń kàwé, kò sẹ́ni tó ń kà á sí mi létí. Tí mo bá fẹ́ pinnu nǹkan, mo kàn máa ń mọ̀ pé mo ti pinnu ni, kò sí àríyànjiyàn tó ṣáájú rẹ̀. Èyí ò dí mi lọ́wọ́ rí, àfi ìgbà tí àníyàn gbé mi dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tó pín sí òpó òpó: kí ló ṣẹlẹ̀, èrò wo ló wá sí ọ lọ́kàn, báwo ló ṣe rí lára rẹ, ẹ̀rí wo ló ti èrò náà lẹ́yìn, èwo ló takò ó. Òpó kejì yẹn ni ìṣòro mi. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Fóònù mi dún, mo rí i pé ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló ń pè. Ikùn mi há, mo da ojú fóònù bolẹ̀, ó di ìdí abọ́ tí mo fẹ́ fọ̀. Láti ìgbà tí fóònù ti dún títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́, gbólóhùn kan ò gba ọkàn mi kọjá. Mo fi òpó náà sílẹ̀ lófìfo. Olùtọ́jú mi ní ó jọ pé mò ń sá fún èrò náà, kí n padà lọ wá a. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mo mọ̀ pé ó fẹ́ kà: "ọ̀gá mi á lé mi", "mi ò wúlò". Àwọn gbólóhùn yẹn kì í ṣe tèmi, nítorí náà àtakò tí mo ń kọ sábẹ́ wọn ò kàn mí lára rárá.

Tó bá jẹ́ pé èrò ni CBT ń tọ́jú, tí èmi ò sì ní gbólóhùn tí wọ́n lè bá mi tún ṣe, ṣé kí n wá ìtọ́jú mìíràn ni? Kò wù mí kí n fi í sílẹ̀. Ayé mi ti ń há mọ́ mi nítorí àwọn ìpè tí mi ò gbé.

Ìdáhùn (Atọ́kàn-Ṣe)

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ má fi í sílẹ̀. CBT ni iṣẹ́ mi, mo sì ti jókòó ti àwọn èèyàn bíi tiyín. Fọ́ọ̀mù yẹn ló há jù.

Aaron Beck, tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú yìí ní Philadelphia ní àwọn ọdún 1960, kò fi èrò mọ sí gbólóhùn. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn èrò tó ń ṣàdédé wọlé síni lọ́kàn lè wá bí ọ̀rọ̀, wọ́n sì lè wá bí àwòrán. Ìtumọ̀ tí èèyàn fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń wá. A kàn ń kọ ọ́ ní gbólóhùn kí ẹni méjì lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ìtumọ̀ yẹn sì wà nínú ohun tẹ́ ẹ ṣe. Ọwọ́ kì í ṣàdédé da ojú fóònù bolẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní bi yín pé kí lẹ rò. Màá ní: "Ká ní ẹ gbé ìpè yẹn, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́?" "Ká ní ọ̀rẹ́ yín ló pè, ṣé ẹ ó gbé e?" "Ká ní àtẹ̀jíṣẹ́ ni ọ̀gá yín fi ránṣẹ́ ńkọ́?" Ibi tí ìdáhùn bá ti yàtọ̀ síra la ó ti rí ohun tí ara yín ń retí. Bóyá ohùn rẹ̀ ni. Bóyá ìbéèrè tí ẹ máa ní láti dáhùn lójú ẹsẹ̀ ni. Kò sí èyí tó jọ "ọ̀gá mi á lé mi" níbẹ̀, bá a sì ṣe máa tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà la ó dán an wò. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ retí, ẹ fún un ní máàkì láti 0 dé 100 bó ṣe dá yín lójú tó, ẹ gbé ìpè kan, kí ẹ wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Kò sí ibi tí èyí ti nílò ohùn inú. Ní 1996, Neil Jacobson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti tú ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sí wẹ́wẹ́. Wọ́n fún àwọn kan ní gbogbo rẹ̀, wọ́n fún àwọn mìíràn ní apá tó dá lórí ìṣe nìkan, láìbá wọn yẹ èrò wọn wò. Ara àwọn tó gba apá ìṣe nìkan yá bíi ti àwọn yòókù. Lóòótọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n wò, kì í ṣe àníyàn, ṣùgbọ́n nínú ìtọ́jú àníyàn náà, ohun tá a bá ṣe ló máa ń gbé ẹrù tó pọ̀ jù.

Ìdáhùn (Èrò-Ọ̀nà)

Ẹ má bínú o, kò sẹ́ni tí kì í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ò tíì fetí sílẹ̀ dáadáa ni. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ nínú yín, báwo lẹ ṣe kọ ìbéèrè gígùn yìí?

Ìdáhùn (Atọ́kàn-Ṣe)

Wọ́n ní ọ̀rọ̀. Kì í kàn ń dún nínú wọn kí wọ́n tó sọ ọ́ ni.

Láti àwọn ọdún 1970 ni Russell Hurlburt, ti yunifásítì Nevada ní Las Vegas, ti ń fún àwọn èèyàn ní ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń dún lójijì, kí wọ́n lè kọ ohun tó wà lọ́kàn wọn ní kété kó tó dún. Nínú ìwádìí tí òun àti Christopher Heavey tẹ̀ jáde ní 2008, akẹ́kọ̀ọ́ 30 ni wọ́n lò. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbà tí ẹ̀rọ dún ni wọ́n bá ohùn inú níbẹ̀, àwọn kan ò sì ní in rárá. Wọ́n tún rí èrò tó yé ẹni tó ń rò ó kedere, tí kò ní ọ̀rọ̀, tí kò ní àwòrán. Ní 2024, Johanne Nedergaard àti Gary Lupyan fi hàn pé ó máa ń ṣòro díẹ̀ fún àwọn tí ohùn inú wọn kéré láti rántí ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀, àti láti mọ̀ bóyá orúkọ nǹkan méjì tí wọ́n rí nínú àwòrán bá ara wọn dún. Ìyàtọ̀ náà wà lóòótọ́. Tí a bá ń sọ fún ẹni tó wá gba ìtọ́jú pé kò fetí sílẹ̀, a ó kàn lé e lọ ni.

Ìdáhùn (Ara-Ló-Mọ̀)

Èmi náà ò ní ohùn, mi ò sì lè fi ojú inú rí àwòrán. Ìjayà òjijì ló gbé mi dé ìdí CBT, ó sì ràn mí lọ́wọ́ gan-an.

Olùtọ́jú mi kò yọ mí lẹ́nu lórí èrò. Ó bi mí pé kí ni mo máa ń ṣe tí àyà mi bá ń lù kìkì. Mo ní mo máa ń wá ibi tí màá jókòó sí. Ó ní, "Kí ni ìjókòó yẹn ń gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ara mi ti gbà pé ìṣubú ń bọ̀. Àlàyé tí David Clark, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, ṣe nípa ìjayà òjijì ní 1986 ni wọ́n ń tẹ̀ lé: àmì kan á hàn nínú ara, èèyàn á kà á sí àjálù, ìbẹ̀rù á wá mú kí àmì náà le sí i. Ohun tá a wá ṣe ni pé wọ́n ń yí mi po lórí àga títí ojú mi á fi máa pòòyì, tàbí kí n máa mí gba inú ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ohun mímu, màá sì wà lórí ìdúró. Mi ò ṣubú. Ara mi rí i.

Ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún mi ni káàdì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sí. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ síta, tí etí mi gbọ́ ọ, mo máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá mo gbà á gbọ́. Nítorí náà, ẹ ní kí olùtọ́jú yín fi gbólóhùn mẹ́ta mẹ́rin síwájú yín, kí ẹ sọ wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wọ bàtà wò. Èyí tó bá ba ara yín mu, ẹ óò mọ̀ ọ́n.

Ìdáhùn (Aláìlóhùn-Inú)

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti sọ àwọn kan síta. Kì í ṣe ohùn ọ̀gá mi. Kì í ṣe ìlélẹ́nuṣẹ́. Èyí tó jẹ́ kí ikùn mi há nìyí: "Á bi mí ní nǹkan, màá dákẹ́ títí n ó fi rí ọ̀rọ̀, á sì ka ìdákẹ́jẹ́ mi sí àìmọṣẹ́." Òótọ́ ni pé mo máa ń pẹ́ kí n tó dáhùn, nítorí pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ ti ń kọ́kọ́ dá. Báwo ni wọ́n ṣe ń dán irú èyí wò?

Ìdáhùn (Atọ́kàn-Ṣe)

Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹlẹgbẹ́ yín tí ara yín balẹ̀ sí gbìyànjú: ẹ jẹ́ kó béèrè nǹkan, kí ẹ mí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fèsì, kí ẹ sì ṣọ́ ohun tó máa ṣe. Ó lè dúró, ó lè tún ìbéèrè náà béèrè, ó sì lè máà kíyè sí i rárá. Nígbà tó bá kan ọ̀gá yín, ẹ fi kún un pé "ẹ jẹ́ kí n ronú díẹ̀". Ẹ ka ohun tẹ́ ẹ retí, pẹ̀lú máàkì rẹ̀, sínú fóònù yín kí ẹ tó gbé ìpè náà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìpè lẹ ṣe é, ohun tó ṣẹlẹ̀ á ti yí ohun tẹ́ ẹ retí padà. Kí ẹ sì mú ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ náà lọ fún olùtọ́jú yín dípò òpó kejì.